ORA WASHINGTON: AKỌNI OBÌNRIN TÍ AYÉ FẸ́RẸ̀Ẹ́ GBÀGBÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò rọ́ ìtàn náà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó wà lọ́kàn mi tí mo fi gbé kálàmù láti kọ ìtàn ìgbésí-ayé obìnrin tí ẹ ó kà yìí.

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa obìnrin mélòó kan ní ilé gbígbé wa. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì, ni a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan bèèrè ìgbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà ṣe iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa dáhùn kíá pé ọdún 1997 ni, ìyẹn ọdún tí líìgì WNBA bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òmíràn já a ní koro. Ó ní líìgì kan ti wà ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WBL, tí wọ́n gbá ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Milwaukee ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá, ọdún 1978, tí ó sì kógbá sílé ní 1981. Èmi tí mo ń gbá eré náà fún ilé gbígbé wa kò rí nǹkan kan sọ. Ojú tì mí díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ilé ìkàwé lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú WBL, obìnrin dúdú kan ti wà tí àwọn òǹwòran ń sanwó wọlé láti wò, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba oyè àgbà ní ọdún mọ́kànlá léraléra. Orúkọ rẹ̀ ni Ora Washington. N kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo padà dé yàrá, mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi léèrè. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí nínú wọn.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Ora Mae Washington sí, ní ilẹ̀ oko kan tí a ń pè ní Caroline County, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ń lọ sópin. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ wọn sì pọ̀. Ní àkókò tí wọ́n bí i, ìjọba Virginia ti dẹ́kun láti máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀. Ó di ọdún 1912 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìwé ìjọba kan tí ó sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sáyé. Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọdún tí oko ẹrú dópin ní Amẹ́ríkà, ìyẹn 1865, kò tí ì jìnnà púpọ̀ nígbà náà. Òmìnira ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òmìnira ẹnu lásán ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú. Ní 1896, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà dájọ́ pé kò lòdì sí òfin láti ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn funfun nínú ọkọ̀ ojú-irin. Láti ibẹ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́, ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti pápá eré. Ní 1902, Virginia ṣe ìwé òfin tuntun tí ó gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn dúdú ìpínlẹ̀ náà. Abẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni Ora gbé dàgbà.

Ìrìn-àjò sí Philadelphia

Nígbà tí ilẹ̀ kò rọgbọ mọ́, àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní gúúsù lọ sí àwọn ìlú ńláńlá ní àríwá. Ora wà lára wọn. Ọ̀dọ́langba ni ó jẹ́ nígbà tí ó kó lọ sí Philadelphia, ó sì fi àdúgbò Germantown ṣe ibùgbé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún ọmọbìnrin dúdú ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó. Kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n fọṣọ, kí wọ́n se oúnjẹ. Iṣẹ́ yìí ni Ora ń ṣe kí ó tó di olókìkí. Òun náà ni ó ń ṣe ní gbogbo ìgbà òkìkí rẹ̀. Òun náà ni ó sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Krístẹni tí a mọ̀ sí YWCA ní ilé kan ní Germantown fún àwọn dúdú, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn funfun. Ibẹ̀ ni Ora ti pàdé eré ìdárayá. Ìtàn sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kú, ìbànújẹ́ náà sì bò ó mọ́lẹ̀. Olùkọ́ kan ní YWCA ló gbà á níyànjú pé kí ó fi eré tẹ́níìsì pa ìrònú rẹ́. Ó ti lé lógún ọdún nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé eré ọmọdé ti parí. Ṣùgbọ́n bí ó ti mú igi tẹ́níìsì lọ́wọ́ báyìí, ó di pé àwọn tí ó ti ń gbá a láti kékeré kò lè fojú kan án mọ́.

Ayaba Eré Tẹ́níìsì

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí eré tẹ́níìsì ti rí nígbà náà. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò gba ènìyàn dúdú láàyè nínú ìdíje rẹ̀. Nítorí èyí, ní 1916, àwọn dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ATA, wọ́n sì ń ṣe ìdíje tiwọn lọ́dọọdún.

Ní 1925, Ora àti ẹnìkejì rẹ̀ Lulu Ballard gba oyè àwọn obìnrin méjì-méjì nínú ìdíje náà. Oyè yìí kò kúrò lọ́wọ́ Ora títí di 1936, ọdún méjìlá gbáko. Ní ti ẹyọ ẹnì kan sí ẹnì kan, ó gba ti 1929, kò sì sí ẹni tí ó rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1935. Ní 1936 ni Lulu Ballard náà gbà á; nígbà tí ó di 1937, Ora tún gbà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn tí wọ́n wò ó sọ pé kì í mú igi tẹ́níìsì ní ìdí bí àwọn yòókù; àárín ọ̀pá ni ó máa ń dì mú. Kì í fi apá gbá a délẹ̀délẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó yá bí ti àgbọ̀nrín ni ó fi ń bá bọ́ọ̀lù kí bọ́ọ̀lù tó bá a.

Ní àkókò yìí kan náà, Helen Wills Moody ni ọba láàárín àwọn obìnrin funfun. Ora fẹ́ bá a pàdé lórí pápá kí ayé lè mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù. Wọn kò pàdé títí ayé. Ọ̀nà tí ì bá mú wọn pàdé ni òfin ìyàsọ́tọ̀ ti dí pa. Ó di 1950 kí wọ́n tó jẹ́ kí obìnrin dúdú kan, Althea Gibson, wọ inú ìdíje ńlá orílẹ̀-èdè náà. Gibson ni ó sì gba oyè Wimbledon ní 1957. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ní 1947, nígbà tí Gibson ṣì ń gòkè bọ̀, Ora tí ó ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún àti George Stewart na òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdíje tọkùnrin-tobìnrin ti ATA. Ilẹ̀kùn ṣí nígbà tí ẹsẹ̀ Ora ti rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó bí àríyànjiyàn wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní Massachusetts. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí Senda Berenson, olùkọ́ obìnrin ní Smith College, fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó yí òfin rẹ̀ padà. Ó pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì ní kí olúkúlùkù dúró sí ìpín tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ìgbàgbọ́ ayé ìgbà náà ni pé bí obìnrin bá sáré jù, ara rẹ̀ kò ní gbà á. Mo bi ara mi léèrè bóyá àwọn tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ti wo obìnrin tí ó ń fi ọwọ́ fọ aṣọ ilé ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ dalẹ́ rí.

Ora kò dúró sí ìpín kankan. Ní 1930 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Germantown Hornets tí ó ti inú YWCA jáde. Àárín pápá ni ipò rẹ̀. Ní sáà tí ó parí ní 1931, ẹgbẹ́ náà borí ní ẹ̀ẹ̀mejìlélógún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n nà wọ́n. Wọ́n sì gba oyè àgbà láàárín àwọn obìnrin dúdú.

Nígbà náà ni ìwé ìròyìn Philadelphia Tribune dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìròyìn àwọn dúdú ni. Christopher Perry ni ó dá a sílẹ̀ ní 1884. Otto Briggs, tí títa ìwé ìròyìn náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, rí i pé bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ń jẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn, orúkọ náà yóò tàn kálẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní 1931, wọ́n sì pè é ní Tribunes. Inez Patterson, gbajúgbajà eléré ìdárayá, wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láìpẹ́, Ora darapọ̀ mọ́ wọn. Ó di balógun ẹgbẹ́ náà, ó sì tún di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí ó yá.

Kò sí líìgì fún wọn. Kò sí àtòjọ ìdíje tí ẹnì kan ti ṣe sílẹ̀, kò sí pápá tí ó jẹ́ tiwọn. Ṣe ni wọ́n ń rìn kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹni tí ó bá gbà láti bá wọn gbá a, ìbáà ṣe dúdú, ìbáà ṣe funfun. Bí àwọn onílé bá fẹ́ òfin obìnrin, wọn a gbá a ní ti obìnrin. Bí wọ́n bá sì fẹ́ òfin ọkùnrin, wọn a gbá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé gúúsù, àwọn olókìkí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá wò kò lè wọ ilé ìtura àwọn òyìnbó sùn, wọn kò sì lè jókòó jẹun níbi tí ó wù wọ́n. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ọdún mọ́kànlá léraléra ni wọ́n fi gba oyè àgbáyé láàárín àwọn obìnrin dúdú.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ìrìn-àjò wọn ni ti 1934. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Greensboro ní North Carolina tí wọ́n ń pè ní Bennett College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin dúdú ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn dára púpọ̀, wọ́n sì ti na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn káàkiri. Tribunes wá bá wọn lálejò láti gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òǹwòran tí ó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ní apá kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa wà, tí a ń kọ́ ní ìwé àti ìwà ọmọlúwàbí, ní apá kejì ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn jẹun, tí Ora tí ó ń tọ́jú ilé olówó ṣe balógun fún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Tribunes borí. Àwọn ọmọ Bennett kò kàwé tán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, pé ọgbọ́n kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin, nítorí àwọn aláṣẹ ń sọ pé kò yẹ abo. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ẹgbẹ́ Tribunes náà tú ká ní nǹkan bí 1943.

Ìgbẹ̀yìn Ayé Rẹ̀

Lẹ́yìn 1947, Ora kò wọ ìdíje mọ́. Ó padà sínú iṣẹ́ ilé tí kò fi sílẹ̀ rí. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún eléré ìdárayá bí tirẹ̀. Àwọn ife ẹ̀yẹ tí ó gbà kò ṣe é fi ra ìrẹsì lọ́jà. Mo máa ń rò ó wò pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan wà ní Philadelphia tí Ora ń gbálẹ̀ ilé rẹ̀, tí kò mọ̀ rárá pé ọwọ́ tí ó di ìgbálẹ̀ náà mú ni kò sí ẹni tí ó lè nà lórí pápá tẹ́níìsì ní ọdún méje léraléra.

Ó kú ní Philadelphia ní 1971. Ní 1976, àwọn kan tí wọ́n dá gbọ̀ngàn ọlá sílẹ̀ fún àwọn eléré ìdárayá dúdú yàn án mọ́ àwọn tí wọn yóò bu ọlá fún. Ọjọ́ pé, wọ́n ń retí rẹ̀, wọn kò rí i. Wọn kò mọ̀ pé ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti wà nínú sàréè. Ẹni tí ìjọba kò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, ikú rẹ̀ náà kò dé etí àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó là. Arthur Ashe, agbátẹ́níìsì dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn yí ká ayé, kọ nípa rẹ̀ ní 1988, ó sì fi hàn pé àwọn obìnrin eléré ìdárayá tí a lè fi wé e kò pọ̀. Ní 2004, wọ́n ri àmì ìrántí kan mọ́lẹ̀ fún un ní Germantown. Ní 2009, gbọ̀ngàn ọlá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti àwọn obìnrin gbà á wọlé. Ní 2018, èyí tí ó tóbi jù, tí ó ń jẹ́ orúkọ Naismith, gbà á. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni.

Ohun Tí Ìtàn Yìí Kọ́ Mi

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀nà tí ìtàn yìí gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Kì í ṣe ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó ni ó gbé e pamọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn ìwé ìròyìn dúdú bíi Philadelphia Tribune, Chicago Defender àti Baltimore Afro-American tí wọ́n kọ ẹni tí ó gbá a, ẹni tí ó borí àti iye ayò tí wọ́n jẹ sílẹ̀, kò sí ohun tí àwọn olùwádìí òde òní ìbá fi ṣe ẹ̀rí. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ lè má rò pé ìtàn ni àwọn ń kọ. Wọ́n kàn ń kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà fún àwọn ará àdúgbò wọn ni. Àmọ́ ìwé kékeré náà ni ó di àrọ́bá.

Nítorí náà, nígbà tí àríyànjiyàn wa tún bẹ̀rẹ̀ ní ilé gbígbé, mo ti ní èsì. Mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni pé 1978 ni líìgì àkọ́kọ́, òótọ́ sì ni pé 1997 ni WNBA. Ṣùgbọ́n líìgì kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbá a nígbà tí kò sí ẹni tí yóò ṣètò rẹ̀ fún wọn, tí owó rẹ̀ kò sì tó wọn í jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ọdún, kí ó bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ibi tí Ora Washington wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ń ṣàròyé pé ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí kì í dé ọwọ́ ènìyàn púpọ̀, àti pé ta ni yóò tilẹ̀ kà á. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. N kò ní í sọ ọ́ mọ́. Gbogbo wa ni a mọ ìyá kan, tàbí ìyá ìyá kan, tí ó ṣe ohun tí ó ju agbára lọ, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Bí a kò bá kọ ọ́ ní èdè wa, nínú ìwé tí ó jẹ́ tiwa, kí ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò bá nílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ nísinsìnyí tí a ṣì lè bi wọ́n léèrè lójúkojú. Kí ó má baà jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ bu ọlá fún wọn, a ó kàn máa wo ẹnu ọ̀nà, a kò ní í rí ẹnikẹ́ni kí ó wọlé.